"Potable" di "portable": ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àbúrò mi àti one-word substitution

Àdùkẹ́_Kàbà

Okun o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí sílẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni, UTME ẹlẹ́ẹ̀kejì ló fẹ́ ṣe yìí, ti àkọ́kọ́ English ló fà á sẹ́yìn, Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì ò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti máa fi ọ̀rọ̀ gbọọrọ ṣàpèjúwe nǹkan, tí á wá mú ọ̀rọ̀ kan péré tó dúró fún gbogbo ẹ̀, èyí tí àwọn tísà ń pè ní one-word substitution. Bíi kí wọ́n ní ẹni tó lè fi ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́ bákan náà, ìdáhùn á jẹ́ "ambidextrous".

Ẹnì kan fi PDF kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lé ní 1,000, láti A títí dé Z, alaalẹ́ ló ń há a sórí nídìí iná tọ́ọ̀ṣì. Lánàá mo bi í ní ìbéèrè 20, 4 péré ló gbà. Èyí tó wá dùn mí jù, mo ní kí ni wọ́n ń pe omi tó ṣeé mu, ó ní "portable". Mo ní rárá o, "potable" ni, "portable" ni nǹkan tó ṣeé gbé káàkiri. Kò bá mi jiyàn, ó kàn fà mí lọ́wọ́ jáde lọ sídìí bọọ̀hóòlù kan nítòsí ilé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sára pátákó ibẹ̀, "portable water" ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà, ọ̀dà búlúù lórí funfun. Ó ní "Àǹtí mi, ojoojúmọ́ tí mo bá wá pọnmi ni mò ń kà á." Ọkàn mi bàjẹ́. Ọmọ yìí ò ya ọ̀lẹ. Báwo la ṣe máa kọ́ ọ tí á fi dúró?

Ọmọ_Ìyàrá

Àǹtí Àdùkẹ́ okun o. Ẹ má jẹ́ kó jáwọ́ nínú híhá o, híhá ni èmi náà há a. Ọdún tó kọjá 20 ni mò ń há lójúmọ́, mo gé páálí wẹ́wẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ síwájú, ìtumọ̀ sẹ́yìn, mo ń kó wọn sápò lọ oko, tí a bá ti jókòó sinmi lábẹ́ igi kaṣú màá yọ wọ́n jáde bíi káàdì. Ìdí tí mo fi ní kó há a ni pé nínú gbọ̀ngàn CBT yẹn kò sí àyè kéèyàn máa rò ó, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, English nìkan 60, àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yòókù 40 40. Ẹ bá mi pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti ń wòkè pé kí ni wọ́n ń pè é gan-an, àkókò ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àwọn tí mo kọ́kọ́ há ti ń ṣí lọ bí àwọn tuntun ṣe ń wọlé.

Tísà_Ìsánlú

Ọmọ mi Àdùkẹ́, o kú ìtọ́jú àbúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ English ní ilẹ̀ Yàgbà yìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

PDF yẹn, mo mọ irú ẹ̀. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ máa ń ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní SSC, one-word substitution sì ní ìbéèrè tirẹ̀ nínú ẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ yẹn gan-an pè. JAMB tiwa kì í pè é bẹ́ẹ̀. Inú lexis, ìyẹn apá tó dá lórí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wọn, ló máa ń wà, á wá bí àlàfo tí wọ́n ní kó o dí, tàbí kí wọ́n ní kó o mú ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn jù ní ìtumọ̀. WAEC náà, nídìí àyọkà kọmpirihẹ́ńṣọ̀n wọ́n á ní kó o wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè rọ́pò èyí tí wọ́n fi hàn ọ́. Ọmọ tó wá há "numismatist" tó jẹ́ ẹni tó ń ṣa owó ẹyọ ayé àtijọ́ jọ, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín "legible" àti "eligible", ó fi ètè sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá ni. Kó pa PDF yẹn tì ná.

Èkejì, kó má kó wọn ní A sí Z. Ta ló ń mọ àwọn ará ìlú ní A sí Z? Agboolé agboolé la fi ń mọ̀ wọ́n. Kó mú agboolé "-cide", inú èdè Látìn ló ti wá, pípa ni. Regicide ni pípa ọba, patricide pípa bàbá, matricide ìyá, infanticide ọmọ tuntun, homicide ènìyàn lápapọ̀. Pesticide tí ẹ ń fọ́n sí kaṣú lóko, mọ̀lẹ́bí wọn ni, òun ń pa kòkòrò. Genocide ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Raphael Lemkin ló ṣẹ̀dá ẹ̀ ní 1944, ó mú "genos" ti Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹ̀yà, ó so ó mọ́ "-cide" ti Látìn. Bí mo bá sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ọmọ tó bá gbàgbé àwọn tó kù kì í gbàgbé èyí.

Tó bá kúrò níbẹ̀ kó lọ sí "omni-", gbogbo. Omnipotent ni Alágbára gbogbo. Omnipresent ni ẹni tó wà níbi gbogbo. Omniscient ni ẹni tó mọ ohun gbogbo, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Arínúróde. Ó ti ń gbọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, omnivore ló kàn kù, ẹni tó ń jẹ ewéko tó tún ń jẹ ẹran, bí èmi àti ìwọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀gbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ sà, Tísà. Mo fara mọ́ ti agboolé yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ agboolé méjì lè jọra kí wọ́n má sì jẹ́ ẹbí, ibẹ̀ lọmọ ti ń ṣìnà. Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀dọ̀ wa. "Pedestrian" ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ ni "ped" ibẹ̀ lédè Látìn. Ọmọ tó bá ti di ìyẹn mú á rí "paediatrician", á ní dókítà ẹsẹ̀ ni, dókítà ọmọdé sì ni, ti Gíríìkì nìyẹn, ọmọ ló túmọ̀ sí. Oore tó wà níbẹ̀ ni pé àwa ń kọ ọ́ bíi ti ìlú Ọba, "paed", àwọn Amẹ́ríkà ló yọ "a" yẹn kúrò. Kó di "a" yẹn mú gírígírí, òun ló ń sọ fún un pé ọmọ là ń sọ, kì í ṣe ẹsẹ̀. "Homicide" àti "homogeneous" náà bẹ́ẹ̀, ti àkọ́kọ́ ènìyàn ni, ti èkejì ohun tó jẹ́ irú kan náà.

Kó tún fojú sí àwọn tó jọ ara wọn ní ìtumọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ pàkúté. Ibà tó wà nínú wa láti ọdún dé ọdún, "endemic" ni. Àìsàn tó ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè kan tó ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, "epidemic". Tó bá wá kárí ayé bíi COVID-19, "pandemic" ni, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni WHO lò fún un ní March 11, 2020. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú A, B, D ìbéèrè kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni "àìsàn tó ń ran èèyàn púpọ̀". Bí àìsàn náà ṣe tàn tó àti bó ṣe pẹ́ láàárín wa tó ló yà wọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ẹ kú làákàyè. Èmi ò ju sẹ́kọ́ńdírì lọ ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣé ẹ ò rí i pé Yorùbá ti ń ṣe èyí kí Òyìnbó tó dé? Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde, ẹ ò ní sọ pé "ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde" lójoojúmọ́, Ìgè ni. Èyí tó dojú bolẹ̀ wáyé, Àjàyí. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, Àìná tàbí Òjó. Èyí tí irun orí ẹ̀ ta kókó, Dàda. Èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan péré, àlàyé ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé àṣìṣe ọmọ yìí ni bó ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ há Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, ẹrù méjì ló ń gbé rù lẹ́ẹ̀kan náà. Kó fi Yorùbá kan ṣoṣo so ó mọ́lẹ̀. Àpọ́n, bachelor. Ọmọ òrukàn, orphan. Ahun, miser. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, teetotaller, ìyẹn la ò ní ọ̀rọ̀ kan fún, kó mú ẹnìkan tó mọ̀ ní àdúgbò tí kì í mutí kó fi orúkọ onítọ̀hún sí i.

Bí mo ṣe kọ́ àwọn ìbejì mi nìyẹn fún Common Entrance, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀.

Tísà_Ìsánlú

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ẹ̀yin gan-an ni tísà. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi ìkìlọ̀ kan kún un, nítorí ibi tí Yorùbá ti ń pín nǹkan yàtọ̀ sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pín in. Opó tiwa, ọkùnrin lè jẹ́ ẹ, obìnrin lè jẹ́ ẹ. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, widow ni obìnrin, widower ni ọkùnrin, ọmọ tó bá fi "opó" há widow, tí wọ́n wá ní "a man whose wife is dead", ó ti mú widow kó tó kà á tán. Àpọ́n náà, ti ọkùnrin ni bachelor, ti obìnrin ni spinster.

Tó bá kan ọmọ ìyá, ó yí padà, àwa ń wo ọjọ́ orí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, Gẹ̀ẹ́sì ò bìkítà ta ló ṣáájú, akọ tàbí abo ló ń wò. Ìdí nìyẹn tí "fratricide" fi máa ń da àwọn ọmọ tiwa láàmú, arákùnrin ni, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò kò kan Látìn.

Àti "àìsùn". Tó bá kọ ọ́ síwájú insomnia, wọ́n á fi àìsùn òkú dà á rú. Àìsùn tí a pinnu ẹ̀, tí a jókòó ti òkú tàbí tí a gbàdúrà mọ́jú, vigil nìyẹn. Àìrórunsùn ni insomnia.

Ọmọ_Ìyàrá

Tísà, ẹ bá mi yanjú ọ̀kan sà. Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, kí ló ń ṣe? Ní pásíkọ́ṣìn kan wọ́n ní "polygamy", ẹnì kan níbi tí a ti ń gba ẹ̀kọ́ àfikún wá ní irọ́ ni "polygyny" ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

Tísà_Ìsánlú

Àwọn méjèèjì ò purọ́. Polygamy ni fífẹ́ ju ẹyọ kan lọ, yálà ọkùnrin ló fẹ́ ìyàwó púpọ̀ tàbí obìnrin ló fẹ́ ọkọ púpọ̀. Polygyny ni ti ọkùnrin nìkan. Polyandry ni ti obìnrin. Nígboro polygamy ni gbogbo èèyàn ń pe ti ọkùnrin, àwọn olùdánwò náà sì máa ń tẹ̀ lé e. Wo ohun tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ọ. Tí polygyny bá wà níbẹ̀, òun ni kó o mú, ó ṣe pàtó jù. Tí kò bá sí, mú polygamy kó o máa lọ, má jókòó bá ẹ̀rọ jà, ìwọ náà lo sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá 40.

Ọmọ_Oworo_Lọ́kọ́jà

Mo ti ń ka gbogbo èyí láti àárọ̀, ohun kan ń lọ lọ́kàn mi. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa fúnra ẹ̀, one-word substitution ni. Obìnrin akọ̀ròyìn kan, Flora Shaw, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Times ti London ní January 8, 1897, ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Royal Niger Company ti gùn jù, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò ẹ̀, Nigeria. Ara odò Ọya, River Niger, tó ń ṣàn kọjá níwájú mi níbí yìí ló ti fà á yọ. Ó fẹ́ Lugard, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1902. Lugard yìí náà ló ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà níbí ní January 1, 1900. Ẹ ní kí àbúrò yín fi Nigeria ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹ̀.

Èkejì kó jẹ́ "confluence", ibi tí odò méjì ti pàdé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Kogi ò gbọ́dọ̀ kùnà ìyẹn. Tó bá ti dé Lọ́kọ́jà rí, kó rántí bí omi Ọya àti ti Benue ṣe ń sá pàdé ara wọn, kò tún há a mọ́.

Ẹ̀kẹta, lexicographer, ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, kó fi Àjàyí Crowther rántí ẹ̀. 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde, ó sì wà nínú ọkọ̀ tó gba orí omi Ọya yìí wá ní 1841. Ìyá Ìbejì náà ti ṣàlàyé Àjàyí lókè.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀gbẹ́

Ọmọ Oworo, ti Flora Shaw yẹn ká mi lára. Màá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi lálẹ́ yìí.

Àdùkẹ́_Kàbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mi ò wá síbí, a ti ń ṣe é ni, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

A pa PDF yẹn tì. Ó ra nóòtù 40 leaves kan, ojú ewé kan fún agboolé kan, bí Tísà ṣe wí, kò ju ọ̀rọ̀ 7 lọ lójúmọ́. Lọ́jọ́ ọjà mo mú un tẹ̀ lé mi lọ ra ata, mo ní kó fetí sí ìyá aláta tí a máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá yìí bá mi sọ Ọ̀wẹ́, ó yíjú sí oníbàárà kan ó sọ Ẹ̀bìrà, ó fi Haúsá dá ẹni tó gbé tòmátò wá lóhùn, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ka owó fún ọmọ agùnbánirọ̀ kan, láàárín ìgbà tó fi ń wọn ata tèmi. A ò tíì kúrò nídìí àtẹ tí àbúrò mi ti ń jà mí lápá, "Àǹtí mi, polyglot!" Ìyá yẹn bi í pé kí ló sọ, ó ṣàlàyé fún un, inú ìyá dùn ó bu ata ẹ̀kún ọwọ́ lé e fún wa.

Ti ìyá àgbà wa ló wá dùn jù. A dé ojú ewé àwọn tó ń parí sí "-genarian", septuagenarian 70 sí 79, octogenarian 80 sí 89, nonagenarian 90 sí 99, tó bá pé 100 centenarian. Ó ní èwo ni ìyá àgbà? Ìyá àgbà ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ọmọ yìí jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìkọ̀ọ̀kan, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi, ta lọba nígbà yẹn, kí lẹ gbọ́ nípa ogun. Ìyá ní òun ti ń ru ìkòkò kékeré lọ odò nígbà tí wọ́n wá sọ pé ogun Hítílà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé bírò, ogun yẹn 1939, ọmọ tó bá ti lè ru ìkòkò kò ní dín ní ọdún 7, ìyẹn 1932 sẹ́yìn. Ó ní "Nonagenarian ni yín, ìyá." Ìyá ní "Kí nìyẹn? Ṣé kò burú?" Ó ní kò burú, oyè ni. Látìgbà yẹn ìyá àgbà ń dáhùn sí i, àwọn aládùúgbò ti ń gbọ́.

Mo bi í ní 20 lánàá, 15 ló gbà. Emigrant àti immigrant ṣì ń yí mọ́ ọn lójú, ó tún kọ "centenary" síbi centenarian.

Tísà_Ìsánlú

Ó ṣe dáadáa gidi. Centenary ni ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún, centenarian ni ẹni tó pé ọgọ́rùn-ún, kó máa wo ìparí ọ̀rọ̀, "-ian" sábà máa ń jẹ́ èèyàn. Ti emigrant, E ni exit, ó ń jáde kúrò nílùú ẹ̀, I ni in, ó ń wọ ìlú onílùú. Ẹnì kan náà ni wọ́n, ibi tó o dúró sí tó o ti ń wò ó ló yàtọ̀. Ọmọ Kàbà tó kó lọ sí Kánádà, emigrant ni lójú wa níbí, immigrant ni lójú àwọn ará ibẹ̀. Bi í ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, má pín wọn.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Ẹ bá mi kí ìyá nonagenarian o! Pátákó omi yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà bẹ́ẹ̀?

Àdùkẹ́_Kàbà

Mà, ó ti lọ bá ẹni tó ni bọọ̀hóòlù yẹn fúnra ẹ̀. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á lé e, ṣùgbọ́n bàbá yẹn gbọ́ ọ títí, wọ́n ní kó tún un sọ, wọ́n wọlé lọ gbé kóńgò ọ̀dà funfun tó kù sílẹ̀ lára ilé jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó ti gan, wọ́n ní "Ó yá, pa á rẹ́." Ó gun orí bẹ́ńṣì, ó kun "r" yẹn. Àlàfo ló wá kù láàárín báyìí, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé "po table" ni wọ́n kọ, ó ní òun ń wá ọ̀dà búlúù díẹ̀ kí òun lè tún gbogbo ẹ̀ kọ lọ́jọ́ Sátidé.